Èwo Nínú Yín Ni Kí N Kí?

Ọ̀pá ìtukọ̀ ni Mubashir là mọ́ àbúrò rẹ̀ lórí, kò sì ṣèèṣì. Àárín ọ̀sà ni wọ́n wà lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, àwọn méjèèjì nìkan nínú ọkọ̀ bàbá wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa àwọ̀n sókè ni, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ewé omi lọ. Bísíríyù, tó wà ní ìwé kẹrin nígbà náà, bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ewé tí ẹ pa yìí mà tó se ọbẹ̀ o!"

Mubashir ti ń hu irùngbọ̀n, ó sì ti ń ṣe bí ọ̀gá apẹja. Kò gba ẹ̀fẹ̀. Ọ̀pá lọ sókè, ó balẹ̀ sẹ́yìn etí ọmọ náà.

Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ gan-an nìyẹn, nítorí bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, wọn ì bá gbà á gbọ́. Bísíríyù kàn jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, èébì sì gbé e. Nígbà tí ẹ̀rù ba Mubashir, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó lójú, ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti di méjì."

Nígbà tí wọ́n délé, Mubashir ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ló yọ Bísíríyù, tó fi forí gbá ẹnu ọkọ̀. Bísíríyù ní irọ́ ni, ọ̀pá ni. Bàbá wọn wo ẹ̀gbọ́n, ó wo àbúrò, ó sì fẹ́ẹ́ gba ti àbúrò gbọ́. Àfi bí ọmọ náà ṣe tún la ẹnu, tó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà, méjì ni mò ń rí."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ tó ń rí èèyàn méjì níbi tí ẹnì kan jókòó sí, kí ni wọ́n fẹ́ pe ìyẹn? Wọ́n ní ìran ló ń rí. Wọ́n ní àlùjànnú inú ọ̀sà ló bá a wálé. Ta ló sì máa gba ọ̀rọ̀ ẹni tí àlùjànnú ń bá rìn gbọ́ lórí ọ̀pá? Gbogbo ẹ̀rùn ọdún náà ni Bísíríyù fi mu hàǹtú, omi dúdú tí wọ́n fi fọ wàláà. Àfáà a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lórí, gbá, gbá, kí àlùjànnú lè jáde, òòyì a sì kọ́ ọmọ náà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní ilé ìwé, àwọn lẹ́tà ń gun ara wọn lẹ́yìn. Tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n tíṣà ní ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó sì nà án. Kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti mú un kúrò nílé ìwé.

Gbogbo àkókò yẹn, ẹnu ọ̀nà yàrá ni Mubashir máa ń dúró sí, tí á máa wò ó bó ṣe ń gbé omi dúdú mì. Kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ni Bísíríyù ń bá a bínú sí. Ọ̀pá, inú ló bí Mubashir, ó sì lè dárí ọ̀pá jì í. Ẹnu tó pa mọ́ ni kò lè dárí rẹ̀ jì í láéláé.

*

Ìkòròdú ni Bísíríyù ń gbé báyìí, etí omi ní Ìpakòdò ló sì ti ń tún àwọ̀n ṣe fáwọn apẹja. Iṣẹ́ náà kò bèèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú àwọ̀n kì í gun ara wọn. Ìka rẹ̀ ló fi ń mọ̀ wọ́n, bó bá tilẹ̀ dijú. Kò wọ àgbàlá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti kúrò ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí bàbá wọn kú, ó kírun òkú, ó da yẹ̀pẹ̀ tirẹ̀, ó sì gba ojú sàréè padà sínú bọ́ọ̀sì. Ọdọọdún, tí Iléyá bá dé, Mubashir, tó ti di Alájì àti olórí ẹbí, á fi itan àgbò ránṣẹ́ sí i. Bísíríyù kò jẹ nínú rẹ̀ rí. Ìyá Tiwalọlá ló máa ń gbé e fún, obìnrin ará Ọ̀ṣun tí yàrá wọn kọjú síra wọn, tó jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun.

"Bàbá Ummu, ẹran ìjà yín tọdún yìí lọ́ràá o," ni obìnrin náà máa ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì parí ẹ̀."

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún Bísíríyù àti Mùsílímátù ìyàwó rẹ̀, Ummusalamah lorúkọ rẹ̀, ọmọ náà sì mọ̀wé. Bébà tí wọ́n fi di ẹja, ó máa kà á sókè fún bàbá rẹ̀ kó tó jù ú nù. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ ojú omi, ó máa kà á. Ọdún yìí ló yẹ kó ṣe ìdánwò àṣejáde. Bísíríyù kì í sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tí ọmọ náà bá ń kàwé sókè, ṣe ló máa ń dà bíi pé ọ̀kan nínú gbèsè tí ayé jẹ ẹ́ ń padà bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣubú ní Gáréèjì Ìkòròdú. Awakọ̀ ń yà fún ọlọ́kadà, kẹ̀kẹ́ dojú dé, Ummusalamah sì forí gbá irin. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó wá bàtà rẹ̀ kan tó fò lọ, ó bì lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní, "Ẹ dúpẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀."

Nígbà tí wọ́n sọ gbólóhùn yẹn fún Bísíríyù, ó fi àwọ̀n sílẹ̀, ó gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn.

Ilé ìwòsàn ní egungun kankan kò ṣẹ́, kí ó lọ sinmi. Ó sinmi. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bu omi, ẹ̀gbẹ́ ife ló ń dà á sí. Tó bá dé àárín ọjà, bí èèyàn ṣe ń kọjá síwá sẹ́yìn a máa kọ́ ọ lóòyì, á wá di ìró ìyá rẹ̀ mú bí ọmọ ọwọ́. Tó bá ṣíwèé báyìí, orí fífọ́ dé.

"Ìdánwò ló ń sá fún," ni Mùsílímátù wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le.

Bísíríyù ń ṣọ́ ọmọ náà. Tó bá ń jẹun, ó ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó tètè ti Ìpakòdò dé, ó bá a lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lórí itan. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lórí ojú ọ̀tún.

Abẹ́rẹ́ àwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ Bísíríyù.

"Ummu. Kí ló dé tó o fi bo ojú?"

"Kò sí nǹkan, Bàámi."

"Mo ní kí ló dé?"

"Àwọn ìlà ìwé ló ń gun ara wọn. Tí mo bá bo ọ̀kan, wọ́n á jókòó." Bísíríyù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́wọ́ kúrò lójú, ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ń tọrọ àforíjì. "Ẹ wò ó, ẹ̀yin náà ti di méjì."

*

Kò bá ẹnikẹ́ni gbìmọ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Mùsílímátù wà lọ́jà, ó mú ọmọ náà lọ bá dókítà ojú kan lọ́nà Ìjẹ̀dẹ. Dókítà Mojúbàolú ni wọ́n ń pe obìnrin náà.

Dókítà kọ́kọ́ ní kó ka àwọn lẹ́tà tó wà lára ògiri lọ́hùn-ún. Ummusalamah kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ṣi ọ̀kan. Bísíríyù ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní irọ́ ló ń pa. Wọ́n á ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ṣùgbọ́n dókítà mú bírò jáde, ó nà án síwájú ọmọ náà. "Máa wo ẹnu bírò yìí. Tó bá ti di méjì, sọ fún mi." Bírò ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ síbi imú rẹ̀. Kò tíì sún mọ́ rárá tí Ummusalamah fi ní, "Ó ti di méjì." Bísíríyù sì rí i. Ojú òsì ń wo bírò. Ojú ọ̀tún kò wò ó mọ́. Ó ti jáwọ́, ó yà lọ síhà etí, bí ẹni tí wọ́n pè látìta. Dókítà tún gbé bírò méjì sókè, ó ní kó máa wo ọ̀kan, kó fò sí èkejì, kíákíá. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi di tábìlì mú.

"Ojú rẹ̀ ò fọ́, Bàbá," ni dókítà wí. "Ó ń ríran dáadáa. Bí ojú méjèèjì ṣe ń rìn pọ̀ ló bàjẹ́. Nígbà tó forí gbá irin, ọpọlọ mì nínú agbárí, ọpọlọ ló sì ń darí okùn tó ń fa ojú. Nǹkan tó bá jìnnà, wọ́n lè jọ wò ó. Tó bá ti sún mọ́, bí ìwé, ọ̀kan á jáwọ́."

Èyí yé Bísíríyù. Èèyàn méjì ló ń fa àwọ̀n, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Tí ọ̀kan bá dẹ okùn, àwọ̀n á wọ́.

"Irọ́ kọ́ ló ń pa?"

"Irọ́ kẹ̀? Ta ló ní irọ́ ni?"

Bísíríyù wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé bó ṣe máa wà nìyẹn?"

"Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń sàn, pàápàá tá a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Mo máa fún un ní okùn tó ní ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta, yóò máa fi kọ́ ojú rẹ̀ nílé, díẹ̀díẹ̀. Kó má fi ipá kàwé. Ohun tí mo bẹ̀ yín jù lọ ni pé kí nǹkankan má gbá a lórí mọ́ báyìí. Ẹ gbọ́ mi? Nǹkankan."

Ó na káàdì sí Bísíríyù. Bísíríyù gbà á, ó sì di ojú kan kó tó wò ó, bó ti máa ń ṣe láti kékeré. Dókítà rí i.

"Ẹ̀yin náà, Bàbá, ẹ jókòó."

Bírò ń bọ̀. Ó di méjì. Dókítà mi orí.

"Tiyín ti pẹ́. Kí ló gbá yín lórí?"

Bísíríyù fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bi í pé kí ló rí. Kò tíì sẹ́ni tó bi í rí pé kí ló gbá a.

*

Bísíríyù so okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́ irin fèrèsé. Ummusalamah jókòó, ó fi ìdí kejì okùn náà sí imú, ó ń wo ìlẹ̀kẹ̀ tó sún mọ́, ó ń wo tàárín, ó ń wo èyí tó jìnnà. Ìyá Tiwalọlá yọjú.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Ṣé imú lọmọ yìí fẹ́ máa fi pẹja ni?"

Ummusalamah rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Mùsílímátù kò rẹ́rìn-ín nígbà tó dé. Bísíríyù ṣe àlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ẹnu rẹ̀ sì kó bá a, nítorí ó sọ èyí tí kò yẹ kó sọ: ó ní dókítà wo ojú tòun náà, ó sì bá a bákan náà.

"Bákan náà? Ẹ̀yin àtọmọ?" Mùsílímátù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ojú kan náà?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo..."

Ó ti ń tẹ fóònù. Ohùn Alájì Mubashir jáde láti Ẹ̀pẹ́, ohùn àgbà, ohùn ẹni tí wọ́n máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. "Ẹ mú ọmọ náà wá. Ìran ló ń rí, láti inú ìran wa ló sì ti wá. Bísíríyù rí i ní kékeré. Àfáà tó tọ́jú rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ń ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án lójú nílé ìwòsàn."

"Irọ́ ni!" Bísíríyù pariwo débi tí Ìyá Tiwalọlá fi ti fèrèsé rẹ̀.

Mùsílímátù pa fóònù. "Ẹ̀gbọ́n yín ló ń parọ́? Àgbàlagbà? Kí ni wọ́n fẹ́ fi irọ́ jẹ?"

"Ọ̀pá ló là mọ́ mi lórí!"

"Ẹ ti sọ fún mi láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi. Ta ló rí i?"

Kò sẹ́ni tó rí i. Àwọn méjì péré ló wà nínú ọkọ̀.

Mùsílímátù kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ń wo ọkọ tí kò lè ka ojú ìwé kan, ó sì ń wo ọmọ. Okùn àti ìlẹ̀kẹ̀, lójú tirẹ̀, kò jọ nǹkan tó lè gba ọmọ lọ́wọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n padà lọ bá dókítà, Bísíríyù tètè fi etí omi sílẹ̀. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ ń mì lára irin fèrèsé, kò sẹ́ni tó di ìdí rẹ̀ mú.

Ìyá Tiwalọlá jáde sí i, ó ń fi ìdí ìró nu ọwọ́. "Wọ́n ti lọ Ẹ̀pẹ́ o. Ìyá Ummu ní kí n sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má bínú. Mo ní, 'Bàbá Ummu? Wọ́n máa bínú o.'" Ó wo ojú rẹ̀, ó sì jáwọ́ nínú àwàdà. "Ẹ sáré. Ẹran Iléyá lè jẹ́ ẹran ìjà, ọmọ kọ́. Ẹ lọ parí ìjà yín."

*

Ọ̀nà Ìtókín tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà rí tó bó ṣe jìnnà lọ́jọ́ náà. Gbogbo ihò tí bọ́ọ̀sì bá kó sí, orí Ummusalamah ni Bísíríyù ń rí tó ń mì. Ó ń gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ àfáà lẹ́yìn etí ara rẹ̀, gbá, gbá. Nǹkankan, ni dókítà wí. Kí nǹkankan má gbá a lórí. Ó fi fóònù pe ìyàwó rẹ̀ títí, kò gbé e. Ó ní kí awakọ̀ sáré. Nígbà tí awakọ̀ sáré, tí bọ́ọ̀sì fò, ó ní kó rọra.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá Mubashir, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó ti búra pé òun kò ní wọ ibẹ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Bísíríyù mọ̀ pé kì í yẹ ìbúra rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀, ó gbọ́ ohùn Mùsílímátù nínú ilé tó ń sọ pé, "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, kó má dùn ún jù." Ó wọlé.

Ummusalamah jókòó sórí ẹní, ó dijú. Ó ti bì lójú ọ̀nà, kò tíì lè kí ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Àfáà kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí ń fọ wàláà sínú abọ́, omi náà dúdú bó ṣe dúdú nígbà náà. Lórí àga, Mubashir jókòó pẹ̀lú fìlà funfun. Ó ti darúgbó. Èyí ya Bísíríyù lẹ́nu, àfi bíi pé ó rò pé ọ̀dọ́mọkùnrin inú ọkọ̀ ló máa bá.

"Bísíríyù," ni Mubashir wí. "O wọlé lónìí."

"Mi ò wá kí yín." Kò bẹ̀rẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀. "Ẹ sọ fún wọn ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀."

"Bàbá Ummu!" ni Mùsílímátù ké.

"Ẹ sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní gbá ọmọ mi lórí nítorí ẹnu yín tí ẹ pa mọ́."

Mubashir wo ilẹ̀. "Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ẹsẹ̀ ló yọ̀ ọ́. Kí lo fẹ́ kí n tún sọ?"

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀, Alájì," ni àfáà wí pẹ̀lẹ́, ó sì dìde, ó ń ká ọwọ́ agbádá.

"Ẹ dúró ná." Mubashir nawọ́. "Ummu, wá, ọmọ mi. Kí n kọ́kọ́ ṣàdúrà sí ọ lórí."

Bísíríyù gbé ẹsẹ̀, ó fẹ́ gba iwájú ọmọ. Ṣùgbọ́n Ummusalamah ti dìde fúnra rẹ̀, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, tó mọ̀ pé òun kò tíì kí olórí ẹbí. Ó ń tọ ògiri bọ̀. Ó kúnlẹ̀. Mubashir bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti gbé ọwọ́ lé e lórí, ojú àwọn méjèèjì sì súnmọ́ra. Ojú ọ̀tún ọmọ náà jáwọ́, ó yà lọ síta.

Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ń wá ibi tí yóò kọjú ìkúnlẹ̀ rẹ̀ sí.

"Bàbá Ẹ̀pẹ́, ẹ má bínú," ó wí. "Ẹ ti di méjì. Èwo nínú yín ni kí n kí?"

Ọwọ́ Mubashir dúró sófuurufú. Bísíríyù ń wo ojú rẹ̀. Ó rí ẹ̀rù tó ti rí níbẹ̀ rí, láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀, lọ́jọ́ tí ewé omi kún inú àwọ̀n.

Mubashir fa ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan.

"Àfáà," ó wí, "ẹ gbé hàǹtú yẹn kúrò."

"Alájì?"

"Mo ní ẹ gbé e kúrò." Ó ṣí fìlà, ó dì í mú. Ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tí ń ṣàìsàn lọ. "Èmi ni. Ẹsẹ̀ kò yọ̀ ọ́."

Mùsílímátù bo ẹnu. Bísíríyù fa ọmọ rẹ̀ dìde, ó fi orí rẹ̀ ti àyà, ó rọra, bí ẹni tó gbé ẹyin. Ẹlòmíràn ì bá ní ó tó. Ṣùgbọ́n Bísíríyù kọ́ nìyẹn.

"Ẹ tún un wí," ó wí. "Ìyá rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa."

Mubashir gbójú sókè, ó wo àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Mùsílímátù, ó sì sọ ọ́ sókè, tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà lágbàlá náà gbọ́.

"Èmi ni mo la ọ̀pá ìtukọ̀ mọ́ ọn lórí. Kò rí ìran kankan rí láyé rẹ̀. Orí ló ń dùn ún nígbà náà, mo sì mọ̀."